Páálí Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Kánádà

Ẹja àrọ̀ yíyan ni ọmọ mi ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun, kò bèèrè ohun mìíràn. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, Kánádà ló sì wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń bì. Ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá rí ẹja tí ẹ máa ń yan yẹn, mo mọ̀ pé màá jẹun." Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo ra ẹja lọ́dọ̀ àwọn tó ń sìn ín n'Ibafo, mo yan án títí ó fi gbẹ kanrankanran, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Mo wá fi edé àti irú díẹ̀ tì í.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ìyá onílé wa nìkan ni mo sọ fún o, nígbà tó bi mí pé èéfín kí ló ń jáde lẹ́yìnkùlé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti gbé gàrí Ìjẹ̀bú wá, ó ní kí n bá òun fi sí i fún ọmọ òun ọkùnrin.

Mo ní, "Mà, ṣé ìlú kan náà ni wọ́n wà?"

Ó ní, "Ṣebí Kánádà náà ni."

Kí n tó yíjú, ìyàwó díákónì wa ti gbé ẹ̀gúsí dé, Àlhájà òdìkejì títì náà gbé ẹ̀lùbọ́ tiẹ̀. Oníkálukú ń wí pé, "Kékeré ni, kò lè wúwo." Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n "kò sí wàhálà, mà" ni ẹnu mi ń sọ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wí fún onílé ẹni pé rárá?

Mo gbé páálí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń báni fi ẹrù ránṣẹ́ ní Asese. Ọkùnrin tó ń gbẹrù gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó mirí. "Mọ́mì, ó ti ju èyí tí ọmọ yín sanwó fún lọ, kò sì sí àyè mọ́ nínú ẹrù ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ yọ nǹkan kúrò."

Mo fọwọ́ kan gàrí, mo rántí pé géètì kan náà lèmi àti ìyá onílé ń gbà wọlé. Mo fọwọ́ kan ẹ̀gúsí, mo rántí pé ìjókòó kan náà lèmi àti ìyàwó díákónì ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ni mo bá yọ edé tèmi. Kò tó. Mo yọ irú. Kò tó. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé. Mo bá kó ẹja jáde, mo ń tan ara mi pé yóò bá ẹrù tó ń bọ̀ lọ.

Nígbà tí páálí dé, ọmọ mi pè mí lórí fídíò. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti gùn. Ó ń yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ti ta lèyí? Èyí ńkọ́?" Mo ń dá a lóhùn. Ó dé ìsàlẹ̀, ó tún fọwọ́ wá inú páálí náà káàkiri.

"Mọ́mì, ẹja mi dà?"

Mo ní ó ń bọ̀. Ó ní, "Ó dáa, mà," ó sì yí fóònù kúrò lójú.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá onílé kanlẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ ohùn wa láti ìta. Ó ní ìgbà wo ni ọmọ mi máa gbé gàrí lọ fún ọmọ òun, pé ibẹ̀ jìnnà díẹ̀ lóòótọ́, àwọn mìíràn máa ń wọ bàálù lọ síbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Mà, ẹ sọ fún un kó wá gbé e fúnra rẹ̀. Kó sì bá mi mú ẹja àrọ̀ dání fún ọmọ mi tó bá ń bọ̀."