Àáfà Sùlè, Tó Ń Fi Wàláà Kọ́ni Lédè Panya

Kò sẹ́ni tó dàgbà ní Olówógbowó tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Àáfà Sùlè na Mọ̀núrù káfíńtà, géńdé oníyàwó, lójú ìyá ìyàwó rẹ̀.

Àáfà ti ṣiṣẹ́ oko kòkó rí ní Panya, erékùṣù tí àwọn Sìpáníìṣì jọba lé lórí nígbà kan. Lọ́dún 1971, Mọ̀núrù náà fẹ́ lọ síbẹ̀. Àáfà nìkan ló mọ agbaṣẹ́ tó ń kó èèyàn wọkọ̀, ó sì ní òun ò ní mú un lọ títí yóò fi gbọ́ èdè wọn. Bíi kéú ló ṣe kọ́ ọ: wàláà lórí itan, pàṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kìkì ohun téèyàn ti ṣe kọjá ló sì ń kọ́ ọ.

"Èmi jẹun!" ni Àáfà ké.

"Comí!" ni Mọ̀núrù dáhùn.

"Ìwọ jẹun!"

"Comiste!"

"Òun jẹun!"

Ìyá ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wọlé ni. Ojú Mọ̀núrù bá àwo lọ. Ìyá ní, "Àáfà, kò tíì jẹun o. Ẹ jẹ́ ó jẹ ná."

Pàṣán balẹ̀ lẹ́yìn Mọ̀núrù. "Comió!"

Ìyá gbé àwo rẹ̀ padà. "Káfíńtà la fọmọ fún, a ò mọ̀ pé ọmọ ilé-kéú ni."

Àáfà ní ìdílé mẹ́ta lọ̀rọ̀ ìṣe wọn, bí ìparí wọn ṣe rí: ti *ar*, ti *er*, ti *ir*. Ó ní ìbejì ni *er* àti *ir*, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ àná. "Táíwò ni kí o kọ́. Kẹ́hìndé á tẹ̀lé e wá fúnra rẹ̀."

Mọ̀núrù bẹ̀ ẹ́: "Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé mo máa ṣiṣẹ́ lọ́la. Ọkọ̀ ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Ti ọ̀la? Inṣáállà ni. Ó tán."

Nígbà tó di Alámìsì, Mọ̀núrù ka "trabajé", mo ṣiṣẹ́, títí dé "trabajaron", wọ́n ṣiṣẹ́, kò ṣìnà rárá. Àáfà da omi sí wàláà, ó nù ún mọ́.

"Ohùn rẹ há. Padà síbẹ̀rẹ̀."

Ọkọ̀ lọ. Mọ̀núrù figbe ta: "Ẹ ti jẹ Panya yó, ẹ ò fẹ́ kẹ́lòmíràn tọ́ ọ wò!"

"Mo yó lóòótọ́," ni Àáfà wí. Láti ọjọ́ náà, Mọ̀núrù ò kí i mọ́.

Lọ́dún kejì, Àáfà kú. Kò bímọ ọkùnrin. Àsíátù ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pe Mọ̀núrù pé kó wá bá wọn wẹ òkú. Ó wá, ó lejú koko. Wọ́n yí òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti èjìká dé ìdí, ẹ̀yìn Àáfà rí bíi pákó tí wọ́n fi ayùn kíkú ya.

"Pàṣán Panya ni," ni Àsíátù wí.

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ìwọ Mọ̀núrù yìí? Ò bá gbọ́?"

Mọ̀núrù ki ọwọ́ bọ omi tí wọ́n gbé kalẹ̀, ó tutù. Ó ní kí Àsíátù bá òun fi gbígbóná là á díẹ̀, kóun tó dà á sí Àáfà lẹ́yìn.