Alséṣàn ni mo fẹ́, Lásà ni ọmọ mi yàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n tú ohun tó wà níkùn mi jáde lónìí. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o! Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé Bàbá Rọ̀fí tún ti gbé tirẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bà mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa bá àwọn èèyàn gba ẹrù wọn jáde ní wáàfù Àpápá. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó mi, Bàsírá, ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, tòun toyún. Àárọ̀ ló kú, kí oòrùn tó wọ̀ a ti sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Rọ̀fíátù, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wà nílé ìwé lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní kí ojú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án má rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un délé, ìyá rẹ̀ ti wọlẹ̀.

Rọ̀fí ò sunkún. Kò béèrè nǹkan kan. Tí a bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́. Tí a bá ní kó lọ sùn, á lọ sùn. Èmi náà kó aṣọ Bàsírá jáde nílé, mo sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ létí ọmọ náà. Ṣé àwọn àgbà kúkú ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí? Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń lò.

Màmá mi wá láti Ìsẹ́yìn láti bá wa gbé. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni àwọn olè fo fẹ́ǹsì wa, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Ìyá àgbà kan àti ọmọbìnrin kékeré kan nínú ilé, èmi ní wáàfù láti òwúrọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ní ajá ló kù tí n óò rà.

Irú ajá wo? Háà! Ẹ dán an wò kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ajá lọ́wọ́ àwọn ará wáàfù, gbogbo wọn ló máa di lọ́yà! Méjì ni wọ́n ń jà lé lórí. Àkọ́kọ́ ni Alséṣàn, ajá ńlá elétí ṣóńṣó tí àwọn ọlọ́pàá máa ń mú kiri. Èkejì ni Lásà, ajá kékeré onírun jáńtírẹrẹ tí irun bò lójú. Awakọ̀ tírélà kan sọ fún mi pé Alséṣàn gbọ́n ju àwọn ọmọọṣẹ́ òun lọ, àmọ́ oúnjẹ tó ń jẹ tó ti alábàárù méjì. Ẹlòmíràn ní Lásà ò da èèyàn láàmú, ó fẹ́ràn ọmọdé, àmọ́ ajá àwọn màdáámù inú eésì ni. Ooru Ajégúnlẹ̀ lè pa á, ojú rẹ̀ á sì máa ṣomi lójoojúmọ́ tí èèyàn á fi máa nù ún bí ojú ọmọ tuntun.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Màmá mi ní ajá kẹ̀, nínú ilé mùsùlùmí? Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn màláíkà sá fún wa ni? Nígbà tí mo wá dárúkọ Lásà, wọ́n fò sókè, wọ́n ní ṣé àrùn tí eku ń kó ran èèyàn ni mo fẹ́ lọ fowó rà! Mo lọ bá Àáfà wa ní mọ́sáláṣí. Wọ́n ní èyí tó ń ṣọ́ ilé kò burú, kó ṣáà wà níta, kí itọ́ rẹ̀ má kan aṣọ ìrun. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Alséṣàn ni! Kí ni Lásà fẹ́ ṣọ́?

Ní ọjọ́ Sátidé, mo mú Rọ̀fí dání lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sin ajá lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń páàkì tírélà sí nítòsí Liverpool Road. Fẹ́líìsì lorúkọ rẹ̀. Ó tú ọmọ Alséṣàn kan sílẹ̀ fún wa. Ajá ọ̀hún rẹwà! Ó ní kó jókòó, ó jókòó. Ó ní kó dìde, ó dìde.

"Oga, this one na correct security," ni Fẹ́líìsì wí. "Thief wey see am go greet am sir."

Mo ti ń yọwó. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, mi ò rí Rọ̀fí. Ó ti lọ lóṣòó sí kọ̀rọ̀ kan níwájú Lásà kan tí wọ́n so mọ́ táyà. Omi ojú ti fa ilà sójú ajá náà títí dé ẹnu, àmì rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà. Rọ̀fí ń wo ojú náà, kò ṣẹ́jú.

Fẹ́líìsì ké sí i: "Fine girl, leave that one. Im eye dey always run water. I don clean am tire."

"E dey run everyday?" ni Rọ̀fí bi í.

"Everyday o!"

Ó yíjú sí mi. "Dádì, èyí ni mo fẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní ti olè ńkọ́, mo ní ti Àáfà ńkọ́. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, omi ti ń ṣàn lójú òun náà. Ẹ gbọ́ mi o, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kò tíì rí omi lójú ọmọ yẹn rí, kò sì tíì sọ pé òun fẹ́ nǹkan kan. Ká ní kìnnìún ló ní òun fẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo máa rà á! Lásà la gbé relé.

Ó sọ ọ́ ní Ṣúgà. Màmá mi ní ẹ̀yìnkùlé ni Ṣúgà máa gbé, níbi tí ilé ìdáná wa wà. Rọ̀fí gbà. Tó bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ Ṣúgà ló ń lọ tààrà, á ya irun rẹ̀, á fi áńkáṣífù funfun nu ojú rẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ wá ń bá ajá sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ń sọ fún gbogbo èèyàn ní wáàfù pé ajá ti wo ọmọ mi sàn.

Àmọ́ nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ń pe ìrun màgárìbì, Ṣúgà á dìde níbi tó bá wà, á lọ jókòó, á dojú kọ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Á wá máa ju ìrù, jẹ́jẹ́, bí ajá ṣe máa ń ṣe tó bá rí ẹni tó mọ̀. Kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀!

Ibẹ̀ ni Bàsírá máa ń dúró sí tó bá ń dáná alẹ́. Ajá yìí ò mọ Bàsírá rí. Ta ló ń kí?

Màmá mi náà rí i, mo mọ̀ pé wọ́n rí i, nítorí wọ́n á máa ka àyátù-kúrísì, àdúrà ààbò inú Kùránì, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọn ò sì ní wò mí lójú. Rọ̀fí á jókòó ti ajá náà, á máa wo ibi tó ń wò. Á wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìlara náà wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ń wá lóòótọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ajá ló ń fojú hàn fún?

Báyìí ni ojú ọ̀tún Rọ̀fí ṣe pọ́n. A ní àpólò ni, ta ni àpólò ò ṣe rí? Mo ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú ní kẹ́míìsì. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún gbéra. Ojú wú, ó ń ṣọyún, kò lè wo ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo fọwọ́ la ìpéǹpéjú rẹ̀, mo rí nǹkan funfun lórí ẹyinjú ọmọ mi. Mo gbé e sẹ́yìn bí obìnrin, èmi àti Màmá mi, ó di ọsibítù ojú.

Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní egbò ti wà lórí ẹyinjú náà. Wọ́n béèrè pé kí ló kàn án lójú. A ní kò sí. Wọ́n bi Rọ̀fí fúnra rẹ̀, ó dákẹ́. Dókítà wá sọ fún mi pé bí àwọn ò bá mọ ohun tó wọ ojú náà, àwọn lè máa lo oògùn tí kò bá a mu, ojú náà sì lè lọ.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ mi. Mo ní Rọ̀fí, jọ̀ọ́, kí ni?

"Omi ojú Ṣúgà ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Lọ́jọ́ tí Màmá mi ti gbọ́ pé mo fẹ́ ra ajá, wọ́n ti pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀ láti fi ẹ̀rù bà á, kó lè sọ pé òun ò fẹ́. Wọ́n fi oríkì rẹ̀ pè é, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ajá máa ń rí òkú o. Omi ojú rẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn ọ́ lójú láyé. Ẹni tó bá fi ra ojú, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú ni." Ìkìlọ̀ ni Màmá rò pé àwọn ń ṣe. Ọ̀nà ni ọmọ mi gbọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi bi Fẹ́líìsì bóyá ojoojúmọ́ ni ojú ajá náà ń ṣomi. Lójoojúmọ́ náà ló ń fi áńkáṣífù nu ojú Ṣúgà, tó ń fi kan ojú ara rẹ̀, tó sì ń jókòó síwájú ilé ìdáná.

Màmá mi ká ọwọ́ lérí.

Mo bi Rọ̀fí pé kí ló dé. Ó ní, "Mo fẹ́ rí Mọ́mì ni. Ẹ ò jẹ́ kí n rí i."

Ẹ wo ohun tí ẹnu mi sọ. Ọmọ wà nínú ìrora, ojú fẹ́ fọ́, ìbéèrè tó jáde lẹ́nu èmi bàbá rẹ̀ ni pé ṣé ó rí i? Mo ń retí pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Rọ̀fí mi orí. "Rárá. Mo wò ó títí. Ẹ̀yin nìkan ni mo rí, Dádì. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ máa ń wá sílé ìdáná, ẹ máa ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí a lè rò pé ẹ ń fọ abọ́. Ẹkún lẹ̀ ń sun."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ọjọ́ kan tí n kò ṣe é. Mo rò pé n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú dókítà, lójú Màmá mi. Rọ̀fí fọwọ́ kan orí mi, ó ní kí n máà sunkún mọ́. Òun gan-an wá bẹ̀rẹ̀. A sun ún pọ̀.

Ọlọ́run ṣe é, ojú náà kò lọ. Àpá funfun kékeré kan kù níbẹ̀ tí kò ní lọ mọ́. Ó ní bí ẹni ń wo nǹkan láti inú kurukuru ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti ròyìn ọjọ́ ikú ìyá rẹ̀ fún un, láti òwúrọ̀ títí dé ibojì. Ó béèrè gbogbo nǹkan, kódà àwọ̀ aṣọ tó wọ̀ kẹ́yìn. Mo dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, a jọ lọ síbi ibojì náà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ajá sílé, bó bá jẹ́ ti olè, ẹ ra Alséṣàn, kí ẹ sì múra oúnjẹ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọmọ, Lásà dára, àmọ́ ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kó tó wọlé, kí ẹ sì kọ́ ọmọ láti máa fọ ọwọ́. Ìyẹn kéré nínú ẹ̀kọ́ tí mo kọ́. Wọ́n ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Irọ́ ni! Mo dákẹ́, mo sì ṣìwí débi tí ojú ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ òkú tí ẹ jọ ní.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní kí n ta Ṣúgà. N kò tà á. Ojú rẹ̀ ti sàn, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ àná náà, ó tún lọ jókòó síwájú ilé ìdáná, ó ń ju ìrù. Rọ̀fí bi mí bóyá Mọ́mì ni. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí a ṣáà kí i, bóyá òun ni. Èmi àti ọmọ mi dojú kọ ẹnu ọ̀nà tó ṣófo, a kí i pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, n óò ka gbogbo rẹ̀. Ajá tó wà nílé yín, ta ló ń ju ìrù sí?