Àkísà Kan, Ọmọ Mọ́kànlá

Òórùn káńfọ̀ la fi ń mọ̀ pé Kérésìmesì ti dé Ajégúnlẹ̀ nígbà èwe mi. Inú àpótí àwọn ìyàwó ọ̀gá tó ń gbé GRA Àpápá ló ti ń wá. Wọ́n máa ń kó aṣọ tí wọn ò fẹ́ mọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́bàá Malu Road, kí wọ́n lè pín in fún aláìní pẹ̀lú ìrẹsì àti sàdíìnì. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé: kóòtù onírun fún ọmọ tí òógùn ń bò, táì fún baba tí kò ní ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìyá mi wà lára àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Télọ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rán àpò kéékèèké tí wọ́n ń di ìrẹsì sí, òwú tirẹ̀ ló sì fi rán an. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, bàbá mi kò sì ríṣẹ́ ní wáàfù láti oṣù kẹsàn-án. Gààrí láàárọ̀, gààrí lálẹ́. Bí n kò bá gba ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ò ní jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ ọdún. Ìyá mi kò lè di àpò kan fún ara rẹ̀ lójú àwọn obìnrin yòókù. Ó ní kí n lọ tò bí ọmọ gbogbo ènìyàn.

Ó kọ́kọ́ wẹ̀ fún mi ná. Ó fi àdín àgbọn ra mí lára, ó lọ gáùn mi, ó wọ ṣìmí funfun fún mi sábẹ́ rẹ̀. "Bí a bá ṣe rìn là ń koni," ló máa ń wí, "ìṣẹ́ kì í sì í ṣe ìdọ̀tí."

Màdámú Alága, olórí àwọn ìyàwó ọ̀gá náà, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Èyí ò jọ needy at all," ló wí. "Next!"

Ìyá mi ń di ìrẹsì lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́. Kò sọ pé ọmọ òun ni mí.

Mo sunkún lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí mo ti bá Ìyá Súnmọ́nù, aládùúgbò wa tó wá láti Ìsẹ́yìn. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n bí àánú onígbàgbọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ yé e ju àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Gáùn kan tó ya láti èjìká dé ìbàdí ló mú dání. Bí ọmọ kan bá ti gba ìrẹsì jáde, yóò bọ́ ọ fún èyí tó kàn. Súnmọ́nù pàápàá, ọmọkùnrin, ti wọ̀ ọ́. Èmi ni ẹni kọkànlá.

"Má sunkún tán o," ni ìyá náà wí, ó ń da iyanrìn sí mi lẹ́sẹ̀. "Fi díẹ̀ sílẹ̀ de Màdámú."

Súnmọ́nù náà ń kọ́ mi: "No laugh o! Squeeze face!"

Mo wọ àkísà náà lé ṣìmí mi, mo padà lọ tò, Màdámú kò sì mọ̀ mí mọ́. "Yéè, poor thing!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ti rí gáùn yẹn nígbà mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò ṣáà wo ojú ẹnikẹ́ni nínú àwa tó wọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n fún mi ní àpò méjì.

Ìyá mi ló gbé e wá. Mo rò pé yóò fọ́ mi létí. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó sì rọra sọ pé: "Fa gáùn náà bo ṣìmí rẹ. Ó funfun jù."

A jẹ ìrẹsì lọ́dún, a jẹ ẹ́ kù. Àkísà kọ́ ló dùn mí. Ohùn ìyá mi tó lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló dùn mí títí dòní. N kò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ àti ìdọ̀tí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àpápá ni mò ń gbé báyìí, wọ́n sì ti fi èmi náà jẹ alága àwọn tó ń pín nǹkan fún aláìní. Ní Kérésìmesì tó kọjá, obìnrin kan kó ọmọ mẹ́ta wá, wọ́n mọ́ tónítóní, ojú áyọ́ọ̀nù ṣì hàn lára aṣọ wọn. Mo wò wọ́n fín-ín-fín, mo sì pe ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Obìnrin náà kí mi pé ẹ ṣeun, mà, kó tó kó wọn lọ. Mo ti délé, mo ti jẹun tán, kí ojú tó tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wọ àkísà yẹn sàn jù mí lọ. Òun mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Èmi rò pé iṣẹ́ Olúwa ni mò ń ṣe.