Kápẹ́ẹ̀tì tó Yà Sọ́wọ́ Ọ̀tún

Òórùn àbẹ́là ṣì wà lára igi ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tan àbẹ́là kẹ́yìn níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni kó tó di mọ́sálásí wa, lẹ́yìn Old Kent Road ní London, níbi tí ariwo bọ́ọ̀sì àti ti àwọn tó ń fọ mọ́tò kì í ti í dákẹ́. Bó o bá wọlé báyìí, òórùn àbẹ́là yẹn àti ti kápẹ́ẹ̀tì tuntun á jọ pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, torí òun nìkan ló ń kí mi káàbọ̀ nígbà yẹn.

Òkè, níbi tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń jókòó sí láyé ọjọ́sí, ni àwa obìnrin ti ń kírun, ibẹ̀ ni mo sì ti ń wo ògiri iwájú. Wọ́n kọ ọ́ rìbìtì bí ààbọ̀ igbá tí wọ́n gbé nàró, wọ́n wá fi ègé gíláàsì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà ṣe ọnà sí i lára, irú èyí tí wọ́n ń ṣe sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Istanbul kí ìlú náà tó di ti Mùsùlùmí. Ẹni tó lẹ àwọn ègé náà jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé, bó ti wù kó kéré mọ, lè máa ta láti ara èyí dé ara èyí. Àwòrán ènìyàn tó wà láàárín ni wọ́n fi aṣọ funfun bò. Wọ́n fi àjàrà àti ìràwọ̀ sílẹ̀. Bí lèmọ́mù bá ń wáàsù, ìràwọ̀ ni mo máa ń wò.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń bí mi nínú. Kápẹ́ẹ̀tì náà ò kọjú sí ògiri ẹlẹ́wà yìí. Ó dábùú, gbogbo ìlà rẹ̀ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, síbi kọ̀rọ̀ kan tí kò ní ọnà kankan, tí lèmọ́mù ń dúró sí. Mo gbà pé ẹni tó tẹ́ ẹ ló ṣiṣẹ́ oréfèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, mo bi màmá àgbà tó máa ń to ẹsẹ̀ àwa obìnrin kó gún bí a bá fẹ́ kírun, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí kápẹ́ẹ̀tì yìí fi wọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Carpet ò wọ́ o, building ló wọ́. East ni church máa ń face. Láti ìlú yìí, Mecca yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo yà ní Istanbul nígbà tí mo ń bọ̀ láti Umrah, bẹ́ẹ̀ náà ni church ńlá tí wọ́n sọ di mosque níbẹ̀ ṣe rí. Wọn ò wó o. Ibi tí lèmọ́mù ń dúró sí ni wọ́n shift.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ̀kalẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Ìtàn ilé àtijọ́ lásán ni mo kà á sí.

Màmá mi ń ṣàìsàn nílé nígbà yẹn. Èmi wà nínú yàrá kan ní Peckham, lókè ilé tí wọ́n ti ń dín adìyẹ tà, mo ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Walworth àti Bermondsey. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ ìjọba, mi ò lè lọ sílé. Àdúrà nìkan ni mo lè fi ránṣẹ́ sí màmá mi, àwọn náà á sì sọ lórí fóònù pé, “Má gbàgbé mi lórí ẹní o.” Mi ò gbàgbé. Màá forí kanlẹ̀ títí iwájú orí mi á fi máa ro mí. Fèrèsé ni mo ń kọjú sí, torí ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà yọ nígbà tí mo dé ní ìgbà ooru, ibi tí oòrùn ti ń yọ la sì bá àwọn òbí wa tí wọ́n ń kọjú sí nílé. Fóònù mi lè júwe Mẹ́kà fún mi, àmọ́ ta ló ń bèèrè ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀?

Nígbà tí òtútù mú gan-an, màmá mi jáde láyé. Ọjọ́ náà ni wọ́n sìnkú wọn, orí fóònù nínú bọ́ọ̀sì ni mo sì ti wò ó. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún. Nígbà tí Mummy ò rí mi ní Jímọ̀ọ̀, wọ́n wádìí mi, wọ́n wá. Àwọn ni àlejò àkọ́kọ́ tó wọ yàrá náà. Mi ò ní àga kejì, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n gbé kúlà ọbẹ̀ kalẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n sunkún títí àkókò ìrun Àlàásárì fi tó.

Mo tẹ́ ẹní mi síwájú fèrèsé bí mo ti máa ń ṣe. Mummy ká ìborùn wọn mọ́wọ́, wọ́n ń wò mí.

“Ọmọ mi, ibí lo máa ń face?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy. Ibẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ.”

“Summer lo dé, àbí? Oòrùn ìlú yìí ń ṣí kiri o. Kò rí bíi tilé.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹní mi sọ́tùn-ún, kúrò níwájú fèrèsé, títí ó fi kọjú sí ògiri lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

“Mummy, gbogbo àdúrà tí mo ṣe fún màmá mi ńkọ́? Níbo ni wọ́n lọ?” Mo ń rí wọn lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe ń gba ojú fèrèsé jáde, tí wọ́n ń lọ lórí òrùlé Peckham síbi tí kò sẹ́ni tó ń retí wọn. Inú mi bàjẹ́ ju ti ọjọ́ tí mo wo ìsìnkú nínú bọ́ọ̀sì lọ.

“Ọlọ́run tó ń gbọ́ ti ẹja nínú ibú, ṣé nítorí window ni ò ní gbọ́ tìẹ? Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ ni. Ó yá, dúró tì mí.” Wọ́n tẹ́ ìborùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, wọ́n fà mí mọ́ra títí ejìká wa fi kanra, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan tèmi bí wọ́n ti ń ṣe ní mọ́sálásí, a sì wọ ìrun.

Nígbà tí ìwé mi jáde, mo lọ sí Istanbul. Mo dúró lábẹ́ òrùlé rìbìtì ńlá ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn, mo sì rí i pé lóòótọ́ ni ibi tí lèmọ́mù ń dúró sí yà díẹ̀ sọ́tùn-ún. Àwọn tó kọ ilé náà kọjú rẹ̀ síbi tí wọ́n mọ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn sì dúró dábùú nínú rẹ̀. Èmi náà kọjú síbi tí mo mọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìdáwà ò ju kéèyàn má rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lọ. Yàrá yẹn ló kọ́ mi pé èèyàn lè yà kúrò lójú ọ̀nà láti ìgbà ooru títí di ìgbà òtútù, kí ejìká kankan má sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa jẹ́ kó mọ̀. Mo ṣì ń gbé níbẹ̀. Ẹní méjì ni mo máa ń tẹ́ báyìí, pàápàá lọ́jọ́ tí mi ò bá retí ẹnikẹ́ni.