Awọ Kan, Ọkùnrin Méjì

Nígbà Sáàpù, tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, ilé iṣẹ́ ọkọ mi ní Ìkejà ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Máníjà wá ṣèlérí pé bí ọkọ mi, tó jẹ́ akànṣẹ́ wọn, bá borí akànṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Háà! Lọ́sàn-án Sátidé ìjà náà, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbẹ̀ ní Agége.

Awọ líle tí akànṣẹ́ ń dè bo abẹ́ ti di ọ̀wọ́n gógó. Ẹyọ kan péré ni ilé iṣẹ́ méjèèjì jọ ní, kọ́bọ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Wọ́n ju kọ́bọ̀ sókè, ó já sí ti ọkọ mi. Mo jó! A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni, a ò tíì bímọ.

Ìjà bẹ̀rẹ̀, mo pariwo títí ohùn mi fi há. "Ẹ lù ú! Ẹ má jẹ́ ó mí!" Àfi gbì! Ọkùnrin Ìlúpéjú ṣubú, ó ká jọ sílẹ̀. Réfírí, tó wà lẹ́yìn ọkọ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ti bọ́ gèlè jù sókè, mo ní iṣẹ́ ò bọ́ mọ́ o!

Ni ọkọ mi bá di ọwọ́ réfírí mú. "Ẹ má kà á, sà. Abẹ́ ni ẹ̀ṣẹ́ mi ti bà á."

Kí ni? Àfọwọ́fà gbáà! Wọ́n yọ máàkì kan lára ti ọkọ mi, wọ́n ní kí ọkùnrin Ìlúpéjú náà sinmi. Mo rò pé ó tán síbẹ̀ ni, àfi bí ọkọ mi ṣe wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó wà nítòsí lọ, tó bọ́ awọ náà, tó gbé e fún ẹni tó ń bá a jà.

Mo figbe ta: "Ta ló máa wá bá mi bímọ?"

Gbogbo èrò, tiwọn tiwa, bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Inú ń bí mi, ẹ̀rín ń pa mí, síbẹ̀ mo tún ń fò sókè pé kí ó lù ú. Wọ́n jà, wọ́n jà, ilẹ̀ gbóná! Máàkì kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi borí wa.

Wàláhì, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, mi ò sì dáná. Ní Mọ́ńdè, oòrùn ò tíì mú tó fi padà wálé, wọ́n ti dá a dúró.

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Réfírí ò rí yín. Èmi tí mo lanu sílẹ̀ ò rí yín. Ta ló rí yín?"

"Èmi náà wà níbẹ̀," ó ní.

Mo dìde, mo ṣáná sí sítóòfù.