Awọ Àgbò Ìyá Àgbà

Lẹ́yìn Iléyá, ìyá bàbá mi gbé awọ àgbò rẹ̀ fún mi nínú agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Ó ní kí n bá òun ṣe é kó rọ̀, orí rẹ̀ lòun fẹ́ máa kírun. Iṣẹ́ awọ ni mò ń kọ́. Iyọ̀ gbígbẹ ni ọ̀gá mi fi ń pa awọ, níbòji. Èmi rò pé omi iyọ̀ àti oòrùn á yá jù ú lọ, mo bá rẹ ẹ́ sínú báàfù, mo gbé e síta.

Omi yẹn pọ́n. Mo da iyọ̀ kún un, mo ṣí i sílẹ̀ kí oòrùn lè pa ohun tó wà níbẹ̀. Ó tún pọ́n sí i, awọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní yunifásítì bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀ ń bọ́ wọn ni! Kòkòrò àìfojúrí pupa tó fẹ́ràn iyọ̀ nìyẹn, àwọn ló ń jẹ awọ yẹn. Purotéènì kan wà lára awọ tín-ín-rín tó bò wọ́n. Tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, á yíra padà, á ti ègé kékeré kan lára átọ́ọ̀mù síta. Bí ìyẹn ṣe ń sáré wọlé padà ni wọ́n ń rí agbára."

"Ṣé ẹ̀rín ló kàn?" Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ta báàfù náà nípàá.

Ìyá àgbà pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọkọ mi, awọ mi ńkọ́?"

"Ó ti rà, ìyá."

"Kí ló mú un rà?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀, mo wá fi í sílẹ̀. "Èmi ni, ìyá. Ẹ má bínú."

"Ó dáa. Bá mi tẹ́ ẹní, wọ́n ti ń pèrun."