Àpótí Mẹ́ta Lórí Fọ́ọ̀mù

Kí n tó lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kíláàsì alẹ́ wa ní Ọ̀wọ̀, mo ní láti sọ bí mo ṣe kúrò ní ilé-ìwé girama. Àpótí mẹ́ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù: mo parí, wọ́n lé mi, mo fi í sílẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún akọ̀wé pé ṣe ni wọ́n ti ilé-ìwé wa ní Ìmẹrì pa.

“Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn. Àbí kí n kọ ọ́ pé wọ́n lé yín?” Ó rẹ́rìn-ín.

“Ta ló lé mi? Àwọn tíṣà ló kọ́kọ́ lọ. Àwa ṣì ń wá gbá kíláàsì.”

Ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Mo fàmì sí “mo fi í sílẹ̀”, mo sì fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni.